Aṣọ Ìnujú Ọ̀gá Ìṣúná

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé tó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á ti wọlé, á ti kí gbogbo ará ilé tán, kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Òun ni Ọ̀gá Ìṣúná. Gbogbo owó ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Owó káàdì ìlera wà níbẹ̀, èyí tí mẹ̀kúnnù ń mú lọ sí ọsibítù tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Owó yunifásítì náà wà níbẹ̀. Lójú ara rẹ̀, Ẹni Ńlá ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ pè é ní nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, Àgbá ni wọ́n ń pè é, nítorí àgbá òfìfo ló ń pariwo jù. Nígbà tó ṣèèṣì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé Àgbà ni wọ́n ń wí, ó mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ mọ iyì." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹni tó ń fi èébú jẹun, ẹ jẹ́ kó máa yó.

Kí Àgbá tó dé, tí ilé ìgbìmọ̀ bá fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á nawọ́ sókè, akọ̀wé á kà á. Àgbá ní ìwọ̀sí gbáà ni. Ó ní, "Kí odindi èmi dúró, kí ẹnì kan máa ka ọwọ́ èèyàn bí ẹni ń ka ẹ̀pà?" Ló bá gbé òfin tuntun jáde: àtẹ́wọ́ ni ìbò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún tí ilé mì, alágogo á lu agogo, ó di òfin nìyẹn. Ohun tí agogo bá sì ti dè, àfi agogo ló lè tú u.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ní aláriwo ló máa ni ọjà, ó ti lọ háyà aláriwo sílẹ̀ ni.

Aláriwo tó háyà ni Ọlọ́wọ́-Àrá. Gáréèjì ni ọkùnrin yìí ti ń pe èrò tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń bá wọn nájà owó ọkọ̀. Tó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ á dìde. Àgbá kó o pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè gbọ̀ngàn, ó fi í ṣe olórí apàtẹ́wọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á gbà á. Tí ti òkè bá ti gbà á, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó wà nísàlẹ̀ náà á gbà á, torí Àgbá máa ń wo ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dúró. Nítorí náà kì í sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dúró. Àgbà tó ní làkúrègbé lápá, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì.

Àmì tí wọ́n ń wò ni aṣọ ìnujú rẹ̀. Aṣọ funfun báláú, ó fẹ̀ bí àpò ìrọ̀rí, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú lọ́fínńdà dé ibi tí eṣinṣin ò lè bà á. Tí Àgbá bá ti yọ ọ́, tó fi kan iwájú orí, ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nílẹ̀, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ mi o," ló kìlọ̀ fún wọn. "Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, á pẹ́ kó tó pàtẹ́wọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò. A ṣì máa ná an.

Nígbà tí àkókò ìṣúná ọdún náà tó, Olórí Yunifásítì wá kí Àgbá lọ́fíìsì. Ọlọ́wọ́-Àrá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, torí àtẹ́wọ́ kékeré kì í jìnnà sí Àgbá, ì báà jẹ́ omi ló fẹ́ mu. Olùdámọ̀ràn rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí omijé rẹ̀ ò jìnnà sí ojú ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Olórí Yunifásítì dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, "Ẹni Ńlá, a jókòó, a wo ọ̀tún, a wo òsì, a ò rí ẹni tí oyè Ọ̀mọ̀wé tọ́ sí bíi tiyín."

"Ẹ̀yin ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i," ni Àgbá wí. "Èmi ti ń rí i nínú dígí tipẹ́."

"Nǹkan kan ló kù, sà. Géètì wa ti rẹlẹ̀ jù. Ọ̀mọ̀wé tó ga bíi tiyín, báwo ló ṣe máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?"

"Ẹ wó o. Ẹ kọ́ òmíràn."

"Kó ga tó báwo, sà?"

"Kó ga débi tí ẹyẹ á fi máa béèrè ọ̀nà. Kí ère mi wà lápá ọ̀tún."

"Lápá òsì ńkọ́, sà?"

"Èmi náà ni."

Olùdámọ̀ràn kọ́kọ́ sunkún díẹ̀, ó wá béèrè ibi tí owó máa ti wá. Àgbá fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ta ló ń lo káàdì ìlera? Aláìsàn. Kí ló ń fa àìsàn? Àìmọ̀kan. Kí ló ń wo àìmọ̀kan sàn? Yunifásítì. Tí yunifásítì bá wá gbèrú, ṣé aláìsàn á tún kù ni? Ẹ pa káàdì yẹn rẹ́. Orúkọ ètò náà ni Ìmọ̀ Loògùn."

"Wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ yìí sọ ọmọ lórúkọ," ni Olùdámọ̀ràn wí, ojú rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀rọ omi tí kò ní ìdérí.

Olórí Yunifásítì wúkọ́. Ó ní yàrá àyẹ̀wò àwọn ò ní omi, iná kì í sì í dúró, bóyá nínú owó náà, díẹ̀ lè…

"Omi?" ni Àgbá dá a lóhùn. "Èèyàn lè mu omi nílé kó tó wá. Ó tiẹ̀ yẹ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ gbẹ́nu sókè. Ẹni tó bá ń gba irú géètì bẹ́ẹ̀ wọlé, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n lára." Ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi kan iwájú orí.

Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Àrá ti pa kó tó mọ ohun tó pa lé. Orí àtẹ̀gùn ló tó yé e, ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ajá rẹ̀ bu àlejò jẹ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn obìnrin náà, ó ti tóbi tó ìkúùkù, ó sì ti ń dí i lọ́fun. Ohùn rẹ̀ ti há, omi gan-an díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé e mì. Dókítà ti ní kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ, pé tó bá pẹ́ sí i, ọ̀nà èémí ló máa dí. Káàdì ìlera ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, wà ní yunifásítì náà, ó ń kọ́ṣẹ́ apòògùn. Ẹ rí i báyìí pé gbogbo ìṣúná ìpínlẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló wọ̀ sí.

Ìyàwó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ọkọ mi, ojú yín ò dáa. Kí ni wọ́n ní lọ́hùn-ún?"

"Wọ́n fẹ́ kọ́ géètì."

"Géètì wo?"

"Èyí tó máa jẹ káàdì rẹ. Wọ́n tún máa fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́."

Ọmọ wọn gbé ìwé tó ń kà sílẹ̀. "Bàbá mi, wọ́n gba ti ìyá mi, wọ́n tún gba tèmi? Ta ni wọ́n wá fún?"

"Géètì."

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn. "Ó ti yé mi. Gẹ̀gẹ̀ yìí, àwa méjèèjì ti jọ ń gbé tipẹ́, kì í ṣe àlejò. Owó tá a bá rí, ẹ fi parí ìwé ọmọ."

"Mi ò gbà," lọmọ wí. "Èmi ni mo máa jáde. Apòògùn tí ìyá rẹ̀ kú nítorí owó ìwòsàn, ta ló máa ra hóró kan lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Má bá mi nájà ọ̀fun mi."

"Ẹ̀yin náà ẹ má bá mi nájà ìwé mi, ìyá mi."

Ọlọ́wọ́-Àrá ń gbọ́ wọn. Ó ti nájà títí láyé rẹ̀, ó mọ̀ pé tí èèyàn méjì bá ń jà lórí ta ló máa pàdánù, ẹnì kan wà níbòmíràn tó ń jèrè. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ bí aṣọ tó fẹ́ gé.

"Ọwọ́ ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ọkọ mi?"

Ó fẹ́ fa ọwọ́ náà padà, ìyàwó rẹ̀ dì í mú.

"Ó ti le bíi pátákó. Kí lẹ fi ń gbà?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ tí mi ò ní lè gbé mì," ló wí, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ ìṣúná pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, tẹlifíṣàn gbé ojú kalẹ̀. Olórí Ìjọba, tó ga ju Àgbá lọ, jókòó lórí pèpéle, ó ń tòògbé díẹ̀díẹ̀. Àgbá ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo fáànù, kí atẹ́gùn má baà fọ́n bébà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká. Ilé gbóná bí ààrò. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi ìwé fẹ́ ara wọn, ó ní ìyẹn dà bí ẹni ń lé eṣinṣin kúrò lára ọ̀rọ̀ òun.

Olùdámọ̀ràn ka oríkì oyè rẹ̀ títí ẹnì kan fi sùn, tó jí, tó tún bá a lẹ́nu ibi tó ń kà. Àgbá wá dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí oòrùn bá fẹ́ yọ, ta ló ń bi? Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ta ló ń gbà á láyè? Mi ò ní èmi ni o. Mo kàn ń béèrè ni." Ó sọ̀rọ̀ lórí géètì, ó ní géètì ni ẹnu yunifásítì, ẹnu tó bá sì rẹwà kò nílò eyín. Ó sọ̀rọ̀ lórí káàdì, ó ní ó ti sọ àwọn èèyàn dọ̀lẹ, pé wọ́n ń ṣàìsàn torí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn máa rí ìtọ́jú. Apàtẹ́wọ́ ń dúró lókè, ojú wọn ń bẹ lára àpò rẹ̀. Kò tíì yọ nǹkan kan. Ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí ètò kan kù, wọ́n ń pè é ní Ẹnu Aráàlú. Káfíńtà kan ni wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ láti wá dúpẹ́ fún ìpínlẹ̀. Tó bá dúpẹ́ tán, aṣọ ìnujú á jáde, agogo á dún, káàdì á kú. Káfíńtà dìde lóòótọ́. Àmọ́ kó tó dé ìdí máíkì, ìyá kan ti fọ̀pá tì í sẹ́yìn.

"Káfíńtà, lọ jókòó. Kò sí àga tó fọ́ níbí."

Ẹ̀gbọ́n Àgbá lóbìnrin ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́sẹ̀, káàdì ìlera ló sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì sún mọ́ ọn. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rántí pé àwọn náà ní ẹ̀gbọ́n.

"Sunkún," ló pè é. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́mọdé nìyẹn. Olórí Ìjọba lajú. Ìyá tẹ̀ síwájú: "Sunkún, mo kí ọ. O ṣe wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, o di Ẹni Ńlá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, nílé la ti ń sọ irú ẹ̀."

"Ilé wo? O gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tí eyín dùn ọ́, ṣebí bàálù lo wọ̀. Eyín kan ṣoṣo, o gbé e sọdá òkun bí ẹni gbé ìyàwó relé ọkọ. Àwa tí ẹsẹ̀ ń dùn, géètì lo fẹ́ kọ́ fún."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́. Olórí Ìjọba ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀."

"Àwọn ọmọ rẹ, yunifásítì wo ni wọ́n ń lọ? Ṣé géètì tibẹ̀ ga?" Ó yí sí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. "Àtẹ̀yin náà. Èmi ò ní kẹ́ ẹ yan káàdì, mi ò ní kẹ́ ẹ yan yunifásítì. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìwọ Sunkún, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀yin, aya yín, ọmọ yín, ọsibítù wa nìkan ni kẹ́ ẹ máa lọ, káàdì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò. Yunifásítì wa nìkan ni kí ọmọ yín máa kàwé. Kí ìyẹn di òfin ná. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́ nínú wọn, kó wá pa á."

Òógùn bo Àgbá. Ó bọ́ láti orí, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ ojú ọ̀tún, ó wọ tòsì, iyọ̀ rẹ̀ ta á lójú. Kò ríran mọ́. Kí lẹ rò pé èèyàn á ṣe? Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi kan iwájú orí.

Lókè, gbogbo apàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo Ọlọ́wọ́-Àrá. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Àrá mọ̀ pé òógùn ni. Ọmọdé gan-an á mọ̀ pé òógùn ni. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé tóun bá rẹ ọwọ́ sílẹ̀, káfíńtà á padà dé, á dúpẹ́, agogo á dún. Ọrùn ìyàwó rẹ̀ wá sí i lójú, àti bó ṣe máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbé omi mì. Ó rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ó wo ọwọ́. Aṣọ ìnujú wà níbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

Àrá sán. Òkè gbà á, ìsàlẹ̀ gbà á. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ọmọ wọn wà lókè òkun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni iná ń jó lọ́wọ́, oníkálukú ń ṣọ́ ẹnìkejì kó má baà jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ dúró. Àgbá alára, ẹni tí kò gbọ́ àtẹ́wọ́ rí kó má tẹríba, ó tẹríba. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ sáyà. Ìgbà tó gbórí sókè ló tó rántí ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ló bá ń juwọ́ pé kí wọ́n dúró. Aṣọ ìnujú sì wà nínú ọwọ́ tó ń jù. Bó ti ń jù ú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Alágogo, tí wọn ò gbà síṣẹ́ nítorí ìrònú, lu agogo.

Lọ́jọ́ kejì, Àgbá ránṣẹ́ pe Ọlọ́wọ́-Àrá. Ó tilẹ̀kùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fi àga lọ̀ ọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ló wí. Láti ọjọ́ tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mo máa tún gbogbo wọn pè. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, kí agogo tú ohun tí agogo dè."

"Ọwọ́ ń dùn mí, sà."

"Èyí tó dùn ọ́ yẹn, kí ló dé tí kò dùn ọ́ lánàá?"

"Àná ló ti gbà á."

"Mo máa fi kún owó rẹ."

"Elòó?"

Àgbá dárúkọ iye kan. Ọlọ́wọ́-Àrá mi orí pé rárá. Àgbá gbé e sókè. Ó tún mi orí. Àgbá gbé e débi tí òógùn tún fi yọ lórí rẹ̀, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ó wò ó tì, ó jáwọ́.

"Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Mo fẹ́ kí ìyàwó mi jẹun, sà. Ẹ jẹ́ kó ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde ná, ká tó sọ ti ọwọ́. Iye tó máa gbà nìyẹn. Tí kò bá gbà, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò níwájú."

Àgbá yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lóòótọ́. Ó pe ìpàdé. Àmọ́ àwọn oníròyìn ti gbé Olórí Ìjọba ga lórí òfin tuntun náà, wọ́n ní aṣíwájú tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó ti mẹ̀kúnnù lọ́sibítù kò wọ́pọ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn pàápàá torí pé orí pèpéle lòun jókòó lọ́jọ́ náà, ìyá sì ní àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ṣé ẹ rí ayé. Ó wá sípàdé, ó ká ọwọ́ sáyà.

Àgbá ní kí òfin náà padà. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi nu orí tó gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó nu etí. Ọlọ́wọ́-Àrá ń wo àjà. Gbogbo ilé náà ló fẹ́ kí òfin yẹn kú, ìyàwó wọn ò tíì jẹ́ kí wọ́n sùn láti ọjọ́ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa ọwọ́ lójú Olórí Ìjọba. Àgbá ń nu ara rẹ̀ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ṣé ẹ ti nu ún tán?" ni Olórí Ìjọba béèrè. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ o. Ẹ lọ sinmi nílé."

Wàyí o, ìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láìsí àmì. Àwọn tó ti ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ jù. Agogo dún.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń yára tó bá kan ọmọ olówó. Àwọn ọmọ wọn kó àpótí dé láti òkè òkun, wọ́n béèrè omi ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, kí oṣù tó parí, omi ti ń tú jáde. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ò gbẹ́nu sókè mọ́. Ìyá ọmọ ìgbìmọ̀ kan dùbúlẹ̀ lọ́sibítù, káàdì ìlera sì di ohun tí wọ́n ń fi owó kún láìjiyàn. Gbogbo èyí tí wọ́n ní kò sí owó rẹ̀. Olórí Yunifásítì rí ẹlòmíràn tí oyè Ọ̀mọ̀wé tọ́ sí. Olùdámọ̀ràn ń sunkún fún Ọ̀gá Ìṣúná tuntun, omijé rẹ̀ ò dín. Ti géètì, ìwọ̀nba bàtà ère ni wọ́n mọ kí iṣẹ́ tó dúró, bàtà ńlá méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá aṣọ sórí rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ ìyàwó Ọlọ́wọ́-Àrá, tí dókítà ní kó padà wá fún àyẹ̀wò, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́sibítù. Àpá iṣẹ́ abẹ yí ọrùn rẹ̀ ká bí ẹ̀gbà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń gbé e mì láìdúró.

Ikùn kan wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àgbá tẹ̀ lé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Eyín mìíràn ti dé, bàálù ò sí. Ó lọ sójú fèrèsé, ó mú káàdì rẹ̀ dání.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"A máa mọ̀ yín tó bá kàn yín, bàbá. Ẹ lọ jókòó."

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló láyè, èyí tó dojú kọ ti Ọlọ́wọ́-Àrá. Ó jókòó. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́ lókè, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ láti orí Àgbá, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Etí aṣọ funfun yọ jáde. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè, ó sì rí ọwọ́ méjì tó le bíi pátákó, tó wà lórí itan ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti yí ojú sí i. Wọ́n ń wo àpò rẹ̀.

Ìyàwó gbé búrẹ́dì mì. Ohùn rẹ̀ ti là, ó mọ́ gaara.

"Ọkọ mi, ẹ ki ọwọ́ yín bọ àpò, kí bàbá yìí lè nu ojú wọn."

Ọlọ́wọ́-Àrá ki méjèèjì bọ àpò. Àgbá wò ó títí. Ó rọra ti aṣọ ìnujú padà sínú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lásán nu òógùn rẹ̀.